Ṣódẹkẹ́: Ogúnléndé Tí Ó Ṣílẹ̀kùn Fún Àlejò

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀sìn Kristi ṣe fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ó sábà máa ń wá sí wa lẹ́nu: Freeman, Townsend, Gollmer, àti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọkùnrin kan wà tí a kì í sábà dárúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Freeman àti Townsend gbà wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣódẹkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Jagunjagun ni, kò sì ṣe ìrìbọmi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di olórí ìlú ńlá, ogun ti lé òun fúnra rẹ̀ jáde nílé. Ó mọ bí ojú ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí lé ṣe máa ń rí. Nígbà tí Ọlọ́run fún un ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró lé, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí inú rẹ̀ ni a ti rí ohun tí ìgbàlejò lè bí.

ILẸ̀ TÍ OGUN FỌ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú igbó ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, ní agbègbè tí ó wà láàrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú. Wọn kò ní olú-ìlú kan ṣoṣo. Ìlú kéékèèké tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n tẹ̀ dó káàkiri, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti ìgbìmọ̀ Ògbóni rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín wọn sí: Ẹ̀gbá Aláké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà àti Ẹ̀gbá Àgùúrá, tí a tún ń pè ní Gbágùúrá. Ọ̀yọ́ ti jẹ gàba lé wọn lórí rí, kí Lísàbí tó ṣáájú wọn bọ́ àjàgà náà ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Ìsinmi tí wọ́n rí kò pẹ́ títí. Bí agbára Ọ̀yọ́ ti ń fà sẹ́yìn ni rògbòdìyàn gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Aáwọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Àpòmù, níbi tí a ti ń jí ènìyàn gbé tà, di ogun Òwu. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ìlú tiwọn, dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀ títí ìlú náà fi ṣubú. Wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìṣubú Òwu, ogun náà yíjú sí ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ó sì ń gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tá mọ̀ pé wọn kò ṣọ̀kan. Ìlú kan a máa wo bí èkejì ti ń jó, títí iná náà yóò fi dé orí òrùlé tirẹ̀. A kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, a sì tà wọ́n lọ sí etí òkun, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó wọn lọ sí òdìkejì òkun. Ìyá ya ọmọ, ọkọ ya aya. Láàrin ọdún mélòó kan péré, ilẹ̀ tí a ti ń pa òwe, tí a ti ń ṣọdún, tí a ti ń sin òkú àgbà pẹ̀lú ọlá, ti di ahoro.

Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kù bá àwọn ọmọ ogun náà gbé ní Ìbàdàn, ìlú Ẹ̀gbá kan tí àwọn aṣẹ́gun sọ di ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ibẹ̀ ni Ṣódẹkẹ́, ọmọ Ìpòró, wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun wọn. Lámọ́di ni Balógun wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí ó fọ́ ilé bàbá rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀? Ìfura pọ̀, ẹ̀gàn pọ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá rí i pé bí wọn kò bá jáde, wọn yóò tán síbẹ̀. Lámọ́di kú kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ ní ibùgbé tuntun, ni gbogbo ẹrù náà bá bọ́ sí èjìká Ṣódẹkẹ́.

LÁBẸ́ OLÚMỌ

Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé etí Odò Ògùn, níbi tí àpáta ńlá kan wà tí a ń pè ní Olúmọ. Ibẹ̀ kò ṣófo pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ará Ìtòkò ti wà ní agbègbè náà, ìtàn sì dárúkọ ọdẹ kan tí ń jẹ́ Adágbà, èyí tí ó jẹ́ kí a máa pe ibẹ̀ ní Oko Adágbà. Wọn kò lé àwọn tí ń sá bọ̀ padà. Ihò abẹ́ àpáta náà ṣe ààbò fún àwọn tí kò tí ì kọ́ ilé, orí rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí a ti lè rí ọ̀tá láti òkèèrè. Láti inú èyí ni orúkọ ìlú náà ti jáde: Abẹ́òkúta.

Kíkó ènìyàn jáde kúrò nínú ewu jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n mímú kí wọ́n tún máa gbé bí ènìyàn ni ó ṣòro jù. Ọgbọ́n Ṣódẹkẹ́ fara hàn níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ pé ìlú wọn ti pa rẹ́. Bí ó bá fẹ́, ì bá ti pàṣẹ pé kí gbogbo wọn gbàgbé orúkọ àtijọ́, kí wọ́n sì di ọmọ abẹ́ òun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ìlú ni ó rí ilẹ̀ tirẹ̀ gbà nínú ìlú tuntun náà, tí ó sì pa orúkọ rẹ̀ mọ́, pẹ̀lú àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn olóyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, bí a bá ń rìn káàkiri Abẹ́òkúta, orúkọ àwọn ìlú tí ogun fọ́ nínú igbó Ẹ̀gbá ni à ń gbọ́: Aké, Ìpòró, Ìgbẹ̀ìn, Ìtòkò, Ìkijà, Kémta àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó pàdánù ilé, oko àti ẹbí, ó ṣì lè sọ ibi tí òun ti wá, ó sì lè rí aládùúgbò tí ó mọ oríkì bàbá rẹ̀.

Ètò yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Olóyè pọ̀, ohùn pọ̀, kò sì sí ọba kan tí yóò pàṣẹ tí gbogbo wọn yóò gbà. Ṣódẹkẹ́ kò dé adé. Ọlá tí ó ní ni ti ẹni tí ó bá wọn jìyà, tí ó sì kó wọn yọ; pẹ̀lú ìmọ̀ràn àti sùúrù ni ó fi ń darí wọn. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ìbàdàn gbé ogun wá láti tú ìlú tuntun náà ká, irú èyí tí wọ́n jà létí odò Òwiwì, àwọn tí ìyapa ti pa run rí ni ó dúró papọ̀, wọn kò sì ṣubú mọ́.

ÒWU DÉ

Ní ọdún 1834, àwọn àlejò mìíràn dé. Àwọn ọmọ Òwu ni, àwọn tí a ti fòfin de pé ìlú wọn kò gbọdọ̀ dìde mọ́. Láti ìgbà tí Òwu ti ṣubú ni wọ́n ti ń rìn káàkiri bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Wọn kì í ṣe Ẹ̀gbá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ àti ilẹ̀ kò tí ì tó àwọn tí ó kọ́kọ́ dé, kì bá tí yani lẹ́nu bí a bá ní kí wọ́n máa bá ọ̀nà wọn lọ. Ìtàn sọ fún wa pé Ṣódẹkẹ́ rọ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Ó fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì di apá kẹrin nínú ìlú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá. Ní ọdún 1855, wọ́n tún rí ẹni fi jẹ Olówu ní Abẹ́òkúta. Ìlú tí a sọ pé kò gbọdọ̀ sí mọ́ tún ní ọba, nítorí pé ẹnìkan fún un ní ibi tí yóò tún gbérí.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ ÒKUN GBÉ LỌ PADÀ DÉ

Kò sí ẹni tí ó retí ẹgbẹ́ tí ó tún dé lẹ́yìn èyí. Láti ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń mú ọkọ̀ àwọn tí ó ń ṣe òwò náà lójú òkun. Ìlú Freetown ní Sàró ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Akú, ni ó bá ara wọn ní Freetown àti àwọn abúlé tí ó yí i ká. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìjọ tí ó gbà wọ́n, tí ó kọ́ wọn ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì sọ fún wọn nípa Jésù. Àwọn tí a gbé dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn di gbẹ́nàgbẹ́nà, télọ̀, oníṣòwò àti olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ilé ṣì ń pè wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1838 àti 1839, àwọn kan nínú wọn dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Èkó àti Àgbádárìgì. Ẹ wo bí ìtàn ti yí padà: ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹrú lọ ni ó ń gbé àwọn òmìnira bọ̀ wálé.

Ọ̀nà náà kò rọrùn. Ní Èkó, wọ́n ja àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ dé lólè, wọ́n sì gba ẹrù wọn. Ẹni tí ó bá ti di ẹrú rí lè tún di ẹrú kí ó tó dé ilé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń gba Àgbádárìgì wọlé, tí wọ́n sì ń forí lé Abẹ́òkúta. Ní Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gbà kí wọ́n máa gbé láàrin ìlú, kí wọ́n máa wọ irú aṣọ tí wọ́n mú bọ̀, kí wọ́n sì máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn tí a ti ṣọ̀fọ̀ wọn bí òkú tún fara hàn lójú àwọn ẹbí wọn. Àwọn mìíràn wá ẹbí títí, wọn kò rí. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìlú fúnra rẹ̀ ni ó di ẹbí.

ÀLEJÒ MÉJÌ LÁÀRIN OṢÙ KAN

Àwọn Sàró wọ̀nyí ni ó ránṣẹ́ sí Freetown pé kí a fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, pẹ̀lú William de Graft. Òyìnbó ni àwọn ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, ó dé Abẹ́òkúta. Ayọ̀ àwọn Sàró kò ṣe é fẹnu sọ. Ṣódẹkẹ́ gbà á bí ọ̀rẹ́, ó sì fi hàn pé òun fẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run wọ ìlú òun.

Nígbà tí Freeman padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, ó bá Henry Townsend níbẹ̀, ẹni tí ìjọ Áńgílíkà ní Sàró rán wá. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ọdún Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ni Townsend gbéra, òun pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti dá nídè kúrò lóko ẹrú, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Deṣálù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1843, wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́ tún gbà wọ́n. Kò béèrè pé ìjọ wo ni ti àkọ́kọ́, ìjọ wo ni ti èkejì. Townsend padà sí Sàró pẹ̀lú ìròyìn pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

IKÚ ṢÓDẸKẸ́ ÀTI ÈSO TÍ Ó SO LẸ́YÌN RẸ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìròyìn tí ó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti jáde láyé. Ìgbà yìí ni gbogbo ènìyàn mọ bí ẹnu ọ̀nà ẹnìkan ti lè ṣe pàtàkì tó. Ikú rẹ̀, pẹ̀lú ogun tí ó dí ọ̀nà, dá wọn dúró ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó dé Abẹ́òkúta. Ṣàgbúà, tí ń jẹ́ Òkúkẹ́nù, ẹni tí ó jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, pẹ̀lú àwọn olóyè yòókù, kò yà kúrò nínú ọ̀nà tí Ṣódẹkẹ́ ti là. Wọ́n gbà wọ́n, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. A ti kó Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, kò sì mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè. Ìyá náà, Àfàlà, ti di ẹrú léraléra nínú ogun wọ̀nyí kí ó tó rí ibi sinmi ní ìlú kan nítòsí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà lára àwọn èso àkọ́kọ́ tí ìjọ rí ní Abẹ́òkúta. Ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ dìde ní Aké. Ní ọdún 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá ní ìlú kan náà, ìwé tí a mọ̀ sí Ìwé Ìròyìn. Nígbà tí Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè ní ọdún 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjàyè sá wá, tí a sì fún wọn ní ibi tí wọn yóò máa gbé. Àṣà tí Ṣódẹkẹ́ fi lélẹ̀ kò bá a wọ ibojì.

IHÀ KEJÌ ÌTÀN NÁÀ

Kò yẹ kí a sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ìlú tí àwọn tí a ni lára kọ́, òun náà ni àwọn mìíràn lára. Nítorí kí ọ̀nà Àgbádárìgì lè ṣí sílẹ̀ fún òwò àti fún ohun ìjà, àwọn Ẹ̀gbá kógun ti Ọ̀tà ní ọdún 1842, lẹ́yìn náà wọ́n dó ti Adó. Àwọn ará Ọ̀tà àti Adó náà ní ilé, wọ́n ní ọmọ. Ẹrú ṣì wà ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ ayé Ṣódẹkẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ti jìyà kì í dédé di aláàánú sí gbogbo ènìyàn. Ọkàn ènìyàn lè ṣí sí apá kan kí ó sì tì sí apá kejì. Èyí kò pa oore tí ó ṣe rẹ́. Ó ń kìlọ̀ fún wa ni pé kí a máa yẹ ilẹ̀kùn tiwa wò, kí a rí àwọn tí a ti tì í mọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌJỌ

Kí ni ìtàn yìí ń sọ fún àwa ọmọ ìjọ àti àwọn àlùfáà wa? Ní ọdún 2022, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé iye àwọn tí ogun, inúnibíni àti rògbòdìyàn ti lé kúrò nílé ní gbogbo ayé ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, láti ọdún 2009 ni ìjà àwọn Boko Haram ti ń lé àwọn ènìyàn kúrò ní apá ìlà-oòrùn àríwá. Àwọn kan nínú wọn ti dé ìlú wa. Wọ́n ń gbé ilé tí kò parí, wọ́n ń ṣe alábàárù ní ọjà, àwọn ọmọ wọn ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láti òde.

Oúnjẹ àti aṣọ tí a ń kó fún wọn ní ọjọ́ ìkórè dára. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ. Ó fún ogúnléndé ní ilẹ̀ tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ kí ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó gbà kí àwọn olóyè Òwu jókòó gẹ́gẹ́ bí olóyè, kì í ṣe bí alágbe. Ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe bákan náà lónìí yóò wá iṣẹ́ àti yàrá fún wọn, yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, yóò kọ́ orúkọ wọn kí ó sì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, yóò sì fi wọ́n sínú ìgbìmọ̀ àti ẹgbẹ́ akọrin bí ó ti ń fi àwọn onílé sí i.

Ṣódẹkẹ́ kò mọ̀ pé láàrin àwọn tí ìlú òun yóò gbà ni ìyá Bíṣọ́ọ̀bù yóò ti rí ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé láti ìlú tí òun tẹ̀ dó ni a ó ti máa ka ìwé ìròyìn ní èdè wa. Ohun tí ó mọ̀ ni pé àwọn kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọn kò sì ní ibi tí wọn yóò sùn. Ọlọ́run ni ó mú ìyókù ṣẹ. Kí Olúwa fún àwa náà ní ọkàn tí ó gba àlejò, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá ilẹ̀kùn wa ní ṣíṣí. Àmín.